Òṣùpá Ò Ní Ẹ̀mí

Agbo Ilé Ààfáà Àkíbù,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989.

Sìdí mi, Àmọ̀kẹ́ ọmọ Àkíbù,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀, kó bá ọ jí, kó sìn ọ́ dé ibi iṣẹ́, kó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè ọ́ títí wàá fi padà wọlé. Ṣé o sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun kánú? Ṣé omi ẹ̀rọ Súrùlérè ṣì ń yọ bí o ṣe sọ, àbí ó ti rẹ òun náà? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún wá ara wa. Ẹni tó bá ní ọmọ mi kò ní sinmi ní Èkó, òun náà kò ní rí àga jókòó nínú gbogbo mọ́tò tó bá wọ̀ títí tí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Àmín.

Gbogbo wa la wà. Àṣàkẹ́ àbúrò mi ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ fìlà mi débi tí mo ń dé èyí tó kù bí ọmọrí ìkòkò. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, nítorí náà bí o bá rí ibi tó pọ́n tàbí tó ṣe búlúù lára tákàdá náà, má fòyà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọ̀dà ni. Ó ti wọ abẹ́ èékánná mi, àlùwàlá ọjọ́ mẹ́fà kò sì tíì lè lé e jáde. Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa básíà ìyá rẹ tí n kò ní tíì sọ báyìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tó dára.

Páálí tí o fi rán awakọ̀ dé Mọ́lété láyọ̀, mo sì lọ gbé e fúnra mi. Agolo ọ̀dà márùn-ún, tákàdá funfun tó nípọn bí àkàrà òyìnbó, lẹ́tà olójú ìwé méjì, àti àwọn àwòrán òfuurufú tí o gé láti inú ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo gbé e dé ilé, orí mi wú bíi ti ẹni tí wọ́n fi Mápó dá lọ́lá.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ilé kéwú wa ṣe rí kó tó di pé o rán nǹkan wọ̀nyí. Ogójì ọmọ ló ń ké kéwú níwájú mi nígbà kan, tí ohùn wọn ń dé Ọjà'ba tí àwọn aláta á máa fi mọ aago. Ìgbà tí Tíṣà Olúsànyà wá ṣí lẹ́sìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé òyìnbó, sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí wa, tó ya bọ́ọ̀lù, máńgòrò àti erin kan tó jọ ewúrẹ́ olóyún sí ara ògiri, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìrẹsì inú àpò tó jò. Mọ́kànlá péré ló kù. Nínú mọ́kànlá yìí, Ìyá Èjìdé tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù ní Ọjà'ba ló ni mẹ́rin. Òun náà wá dúró sí iwájú mi, ó ní kí n má bínú o, ọmọ òun ń fi ẹnu pariwo níbí, àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ń fi ọwọ́ yàwòrán, ayé sì ti di ayé ọwọ́. Ó ní bó bá di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun máa wá kó wàláà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yọ mẹ́rin kúrò nínú mọ́kànlá, Sìdí. Méje ni. Ọmọ méje kò lè gbé ohùn kéwú kọjá ẹnu ọ̀nà. Ilé tí bàbá bàbá mi ti kọ́ ọmọ, ọwọ́ mi ló fẹ́ kú sí.

Ìgbà náà ni ìmọ̀ràn rẹ wọlé, pé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwòrán, kí n sì fi ránṣẹ́ kí Mísìsì Louisa ọ̀gá rẹ lè gbé e kọ́ níbi àfihàn ilé ìwé yín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbaná jẹ. O mọ̀ pé àwa kì í ya ohun ẹlẹ́mìí. Ẹni tó bá ya ẹyẹ lónìí, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọn á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i kó fò, níbo ló ti máa rí i rà? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi tí o ti kọ ọ́ pé òfuurufú ni kí wọ́n yà, òṣùpá àti ìràwọ̀ àti òòrùn, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí Àṣàkẹ́ fi yọjú, mo ní ọmọ yìí, èmi ni mo bí i, kì í ṣe pé wọ́n gbé e fún mi. Òṣùpá ò ní ẹ̀mí. Ìràwọ̀ ò ní ẹ̀mí. Òòrùn gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mí. Ta ló tún mọ òṣùpá tó wa? Àwa tí à ń na ọrùn dúró dè é kí a tó gba ààwẹ̀, tí a tún ń dúró dè é kí a tó jẹun. Olúsànyà kò tíì dúró de òṣùpá rí láyé rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, èyí tí ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ lórí òṣùpá. Sàídì, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, bi mí pé ṣé ààfáà ni. Mo ní kó gbé e jìnnà, ènìyàn ni, ó ní ẹ̀mí. Èjìdé wá fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ pé ojú ènìyàn dà nínú rẹ̀, Ààfáà? Mo wò ó títí. Lóòótọ́, gíláàsì dúdú ló wà níbi ojú. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì dájọ́ pé aṣọ ni wọ́n yà. Aṣọ tó bá dá dúró fúnra rẹ̀ kò tíì di ènìyàn. Ti ìràwọ̀ tó fi òrùka yí ara rẹ̀ ká ni kò tíì yé mi. Mo bi Àṣàkẹ́ pé ta ló gbé e níyàwó, ó ní bó bá jẹ́ ọkọ Èkó ni, òrùka náà kò ní pẹ́ dúdú.

Ọjọ́ Àtìní la bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà rẹ ní kí n pọn omi sínú nǹkan tó fẹ̀, kí n fi kẹ̀rọ́síìnì ṣán ọ̀dà kó rọ̀, kí n sì kán an sójú omi. Mo gbé básíà, mo pọn omi, mo ṣán ọ̀dà, mo kán an. Búlúù, yẹ́lò, pupa, gbogbo rẹ̀ léfòó. Mo wá gbé ọmọrógùn, mo rò ó dáadáa. Sìdí, ta ló ń da nǹkan sínú omi tí kì í rò ó? Ògì ńkọ́? Ẹ̀kọ ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀ pé ojú ìwé kejì lo kọ ọ́ sí pé kí n má rò ó o, inú mi sì ti dùn jù sí ojú ìwé kìíní láti yí i. Omi náà dàrú, ó dà bí èyí tí wọ́n fi fọ ìkòkò tí iṣu jóná sí. Tákàdá tí a tẹ́ lé e jáde wá bí àkísà tí mẹkáníìkì fi nu ọwọ́. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọmọrógùn, ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n mi, ìdajì irùngbọ̀n mi sì di búlúù níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìwà. Olúsànyà ti dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni wo bọ́ọ̀lù, ó wá kígbe sísàlẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ o, Ààfáà, ṣé ẹ̀kọ lẹ̀ ń pò fún àwọn málékà ni? Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá mu kù, a ó bu tirẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Lọ́jọ́ kejì, Èjìdé ló gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ mi tó ka ojú ìwé kejì fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọ̀sẹ̀ tí Ògùnpa kún tó gbé ilé gbé mọ́tò ni wọ́n bí i. Òun ni kì í fẹ́ kéwú sókè, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn tó ga jù ú lọ ló máa ń sá sí, tí mo sì ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí pé kó yé fi ọwọ́ òsì di kálámù mú. Ó da omi ìdọ̀tí nù, ó pọn òmíràn. Ó ti kálámù mi bọ ọ̀dà búlúù, ó fi ọwọ́ òsì yẹn náà tọ́ ojú omi jẹ́jẹ́, bí ẹni tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn. Mo lajú, mo pa ẹnu dé. Ọ̀dà náà fẹ̀, ó ń fẹ̀ lọ. Ó kán yẹ́lò sí àárín búlúù, ó kán pupa sí àárín yẹ́lò, ó mú ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, ó fi fa ojú omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àwọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ra wọn bí èéfín tùràrí. Ó tẹ́ tákàdá lé e. Àwa méjìlá, mo ka ara mi mọ́ ọn, ní bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e sókè.

Sìdí, mo rí òfuurufú. Ohun tí mo ti ń na ọrùn wò láti ogójì ọdún, ọmọ kan gbé e jáde nínú omi básíà ní Bẹyẹrúnká, ó ń kán tótó sí mi lẹ́sẹ̀. Ariwo tí Sàídì pa, ewúrẹ́ méjèèjì já okùn, àwọn ẹyẹ orí òrùlé Mápó gbéra, ẹni tó ń sùn ní Ìdí Arẹrẹ jí, ó ní kí ló ṣe wọ́n. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Èjìdé tó bá wù ú ni kó fi di kálámù mú. N kò sọ fún un pé mo ti yí ọkàn padà, mo kàn yé sọ̀rọ̀.

Bí o ṣe wí la ṣe àwọn yòókù. Nínú tákàdá tó ní àwọ̀ púpọ̀ la ti fi ìdí agolo mílíìkì gé àwọn ìràwọ̀ ńlá, àwọn tí o pè ní plánẹ́ẹ̀tì, tó ń yí òòrùn ká bí àwọn ọmọ kéwú ṣe ń yí mi ká, a sì fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ wọ́n mọ́ èyí tó dúdú. Ti ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ ni tiwa yàtọ̀ sí tìrẹ. O ní kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Pákò la lò. A rún ẹnu pákò, a tì í bọ ọ̀dà funfun, a fi ìka ta á, ìràwọ̀ sì fọ́n káàkiri. Ó fọ́n sára jalàbíà dúdú mi náà, n kò sì jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Wàyí o, ọjọ́ Àlàrùbá ni wàhálà dé. Ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ sí Ọjà'ba, ó yọjú, ó rí èmi Ààfáà àti ọmọ mọ́kànlá, a pagbo yí básíà ká, omi inú rẹ̀ ń dán búlúù, ní gbogbo ìgbà tí tákàdá bá wọ omi, gbogbo wa á ní bísímílà. Kí ni ìyá yìí fẹ́ rò? Ó rò pé hàǹtú ni. Láyé rẹ̀, omi tí ààfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kúrò lára wàláà fún aláìsàn láti mu ló mọ̀, irú èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta kò sì jọ èyí tó ṣẹlẹ̀ rí. Ó dé Ọjà'ba, ó ní Ààfáà Àkíbù ti wẹ òṣùpá sínú omi, ọmọ tó bá mu ún, ìwé kò ní le fún un mọ́. Kò tó wákàtí kan, agbo ilé wa kún. Ìgò, kẹ́tù, kèrègbè, ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé jálákàànù wá, ó ní ilé àwọn pọ̀. Obìnrin kan kò dúró gba àṣẹ, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi pa ọmọ rẹ̀ níwájú orí. Títí di àná, iwájú orí ọmọ náà ṣì jẹ́ búlúù, ìyá rẹ̀ sì ń búra pé ọpọlọ rẹ̀ ti là.

Àṣàkẹ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n dákẹ́, kí n kàn gbàdúrà sí i, èèyàn mélòó ló ń wá bá mi tẹ́lẹ̀? Mo ní kẹ̀rọ́síìnì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n wá ní kí wọ́n fi bọ́jú. N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, ọkàn mi yí díẹ̀. Mo wo èrò yẹn, mo ní bí ìdajì wọn bá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, a ó kọjá ogójì. Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìyá Èjìdé ti la àárín èrò kọjá, ó gbé ìgò òróró ńlá kan lọ́wọ́. Ó ní Ààfáà, òun ti ṣe aláìmọ̀kan, òun kò mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe nínú ilé yìí nìyí. Ó ní kí n rọ ọ́ kún fún àwọn ọmọ òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó máa tẹ ẹnu ọ̀nà Olúsànyà mọ́ láyé. Ó na ìgò náà sí mi. Ọmọ mẹ́rin ló nà sí mi yẹn, Sìdí, pẹ̀lú ilé bàbá mi, nínú ìgò òróró.

Mo ní Ìyá Èjìdé, ọ̀dà ni. Ọ̀dà àti kẹ̀rọ́síìnì. Kò sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kankan níbẹ̀, ẹni tó bá mu ún, dókítà ló máa bá a parí rẹ̀. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. Ó ní òun mọ̀, torí pé òun ti ní òun máa kó ọmọ lọ ni mo ṣe ń fi ohun rere pamọ́ fún òun. Àwọn èrò ní hẹ̀ẹ́n, Ààfáà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá ti igi ìgbálẹ̀ bọ inú agolo tí a fi ń ṣán ọ̀dà, mo gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ, mo ṣáná sí i, ó gbà bùlà. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Ọkùnrin oníjálákàànù ní háà, ti oníná tilẹ̀ ni, ìyẹn lágbára jù. Àṣàkẹ́ ló fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Ìyá Èjìdé ní tiẹ̀ dé ìgò rẹ̀ bó ṣe gbé e wá ní òfìfo, ó ní Jímọ̀ kò jìnnà, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàmísì, mo lọ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nílé Àlàájì aláṣọ ní Bẹẹrẹ bí o ṣe ní kí n wá. O ò rí i pé mo wọ agbádá? Mo ní n kò ní lọ kí ọmọ mi ní Èkó pẹ̀lú jalàbíà oníràwọ̀. Mo gbé àwòrán Èjìdé dání, mo gbé e síwájú ẹnu fóònù náà, mo ní ṣé o ti rí i, mo tún yí i lọ́tùn-ún lọ́sì kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i. O ní ó dára gan-an, bàbá mi. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n o ní àwọ̀ pupa rẹ̀ wù ọ́, búlúù ni mo sì gbé síbẹ̀, mo wá mọ̀ pé ojú rẹ ti ń rẹ̀ ọ́. Lọ ra jígí. N kò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ méje ló máa kù. N kò fẹ́ kí Àlàájì gbọ́ bí ohùn mi á ṣe rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Nígbà tí a kírun tán, mo so okùn láti fèrèsé mọ́ṣáláṣí dé orí òpó ilé wa, a sá àwòrán mọ́kànlá sí i bí aṣọ ọdún. Èèyàn dé. Àwọn tó ní kí n fún àwọn ní hàǹtú dé, oníjálákàànù pàápàá dé, kò gbé e dání. Ìyá Èjìdé dé pẹ̀lú àpò ńlá tó máa fi kó wàláà, ó dúró sẹ́yìn pátápátá. Olúsànyà náà sọ̀kalẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó ń rìn lábẹ́ okùn bí ọlọ́pàá. Ó ní ó dára lójú, ó dára lójú, ṣùgbọ́n ṣé àwọn ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n yà, àbí Ààfáà kàn ní kí wọ́n máa da ọ̀dà nù? Ó na ìka sí èyí tó pọ́n, ó bi Sàídì pé kí lèyí. Sàídì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ata rodo ni. Sìdí, ẹ̀rín tí wọ́n rín! Mo wá ihò tí mo lè wọ̀, n kò rí. Mo rí Ìyá Èjìdé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹnu àpò rẹ̀.

Ohùn kan wá jáde láti ẹ̀yìn àwọn ọmọ gíga, ó ní kì í ṣe ata. Èjìdé ni. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ òsì sókè. Ó ní òòrùn nìyí láàárín, gbogbo àwọn tó kù ló ń yí i ká, kò sí èyí tó ń kọ lu èkejì. Eléyìí ló sún mọ́ ọn jù, òun ló ń fojú winá. Eléyìí ni tiwa, ibi tí Ìbàdàn wà. Ata tí Sàídì wí yìí, erùpẹ̀ rẹ̀ ló pọ́n. Òrùka eléyìí, òkúta àti yìnyín wẹ́wẹ́ ni, kò ṣe ìgbéyàwó. Bó ṣe sọ ohun tó ti kà lára àwọn ìwé ìròyìn rẹ yìí tán, kò sí ẹni tó ní kó kéwú, ó pa ojú dé, ó sì gbé e láti ibi tí Ọlọ́hun ti dárúkọ òòrùn àti òṣùpá, ó kà á lọ rere, kò kọsẹ̀, kò mí àmíkanlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó tún túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kó tó lajú. Olúsànyà yọ ọwọ́ nínú àpò. Ó ní Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ọ̀dà náà kò fi rì?

Ìyá Èjìdé wá bọ́ síwájú. Ó káwọ́ lérí. Ó ní gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ o. Ó ní ní Ọjà'ba, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra irọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún un, wọ́n á tún fi ènì sí i. Ó ní òun gbé ìgò fún Ààfáà yìí ní Àlàrùbá, ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ìgò náà, Ààfáà sì mọ̀, ó dá a padà fún òun ní òfìfo. Ó ní wèrè ni. Ó ní ṣùgbọ́n irú wèrè tó yẹ kó máa kọ́ ọmọ òun nìyí, àti pé ta ló sọ pé ọmọ òun kò lè fi ẹnu pariwo kó tún fi ọwọ́ yàwòrán? Ó ká àpò rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá. Kí n tó la ẹnu dúpẹ́, Àṣàkẹ́ ti bá mi dúpẹ́, ó sì dúpẹ́ pẹ́.

Láti àná, a ti di ọgọ́rùn-ún ọmọ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́, mọ́kàndínlógún ni, ṣùgbọ́n ariwo ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pa. Olúsànyà ní òun fẹ́ máa kó àwọn ọmọ tòun wá ní ọjọ́ Àtàláátà kí wọ́n wá kọ́ ọ̀dà. Mo ní kó mú ọmọrógùn tirẹ̀ dání.

Mo ti fi ọ̀wọ̀ kọ fọ́ọ̀mù àfihàn Mísìsì Louisa tí o fi sínú páálí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí, mo kọ ọ̀sẹ̀ tí Ògùnpa kún fún Èjìdé. Fún Sàídì, mo kọ ọ́ pé ọdún tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jà tí wọ́n tún parí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ ọdún náà. Níbi tí wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, mo ti àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan bọ ọ̀dà tó wù ú, fọ́ọ̀mù náà sì lẹ́wà ju bó ṣe wá lọ. Ibì kan ṣófo nísàlẹ̀, tí wọ́n kọ sí i pé àwọn ará ọ́fíìsì nìkan ló ni ín. Àánú wọn ṣe mí, mo kọ àdúrà sí i fún wọn. O ní kí n yan àwòrán mẹ́ta. N kò lè yàn. Mọ́kànlá ló ń bọ̀, mo wé wọn sínú ẹní ìkírun mi. Bí o bá kà á tó di méjìlá, tí o rí ọ̀kan tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, tí òṣùpá rẹ̀ wọ́ díẹ̀, má bi ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé àgbà kan ló yà á nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun. Sọ fún Mísìsì Louisa pé ọmọ tó yà á ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀dà búlúù ti tán, ojú ọ̀run kì í sì í ṣe nǹkan tí a lè fi yẹ́lò nìkan yà. Funfun náà, àti tákàdá, nítorí pé mọ́kàndínlógún kọ́ ni mọ́kànlá. Fi ti òògùn orúnkún Àṣàkẹ́ sí i, kó má baà wo ọ̀dà sùn-ùn bí hàǹtú. Tèmi kò ṣe dandan, fìlà kan péré ni, kí ewúrẹ́ rẹ lè rí nǹkan jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ básíà. Básíà olódòdó ìyá rẹ ni, èyí tó fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, tí mo ti gbé sórí àjà láti ọjọ́ tó ti lọ. Òun nìkan ló fẹ̀ tó tákàdá rẹ. Mo ní a ó kàn lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà ti gbá inú rẹ̀ mú. Àṣàkẹ́ fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi yanrìn fọ̀ ọ́, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á títí apá rẹ̀ fi kú, kò lọ. Ìyá Èjìdé gbọ́, ó sì gbé básíà alumíníọ̀mù titun wá lánàá, ó ní òun ni kí a máa fi ya òfuurufú, kí a jẹ́ kí ti olóògbé sinmi, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó di pé Àṣàkẹ́ sọ ọ́. Mo ti gbé e sábẹ́ fèrèsé yàrá mi. Láàárọ̀ òní, mo bu omi mímọ́ sí i fún àlùwàlá, mo bẹ̀rẹ̀, òfuurufú wà nísàlẹ̀ omi, búlúù wé mọ́ yẹ́lò yí àwọn òdòdó rẹ̀ ká, n kò lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti sọ fún Àṣàkẹ́ pé kó má fọ̀ ọ́ mọ́. Bí o bá dé, kí o tó bínú, kọ́kọ́ bu omi sí i ná, kí o wò ó.

Ọlọ́hun á gbé orúkọ rẹ kọ́ síbi tí gbogbo ojú á ti rí i, tí òjò kò ní lè fọ̀ ọ́, tí kàn-ìn-kàn-ìn ọ̀tá kò ní ràn án. Bó o ṣe jẹ́ kí ilé bàbá rẹ ní ariwo, ariwo ayọ̀ kò ní tán nílé tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ààfáà Àkíbù,
ayàwòrán òṣùpá ti Bẹyẹrúnká.